Àmì Tí Kì Í Rìn

Ọkọ̀ omi! Ọkọ̀ omi ni Olóyè Ládiméjì fi ṣe àmì bíréèkì.

Mo ní kí ó tún un sọ, nítorí mo rò pé akoto tó wà lórí mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ìyípo kẹfà tán ni. Alùpùpù wa méjèèjì ṣì ń gbóná, òógùn sì bo ojú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ata ní àjẹjù. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ìka tó kún fún òrùka sí òpin ọ̀nà gbọọrọ, níbi tí kọ́nà kìíní ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ tó ń gbé omi wá sí pápá dúró sí.

"Ọkọ̀ omi yẹn," ó wí. "Ṣé o rí i? Bí mo bá ti bá a dọ́gba báyìí, mo tẹ bíréèkì nìyẹn. Kò tíì já mi kulẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wá a rí o, kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Mo gbọ́, sà. Ta ni ì bá kọ́ yín nírú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé mo yìn ín ni. Ẹnu mi ń pè é ní sà, ṣùgbọ́n àgbàyà ni orúkọ tí mo fún un nínú ọkàn mi láti òwúrọ̀, nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ènìyàn méjì sì ń gbé bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e, bàtà ọ̀tún lọ́wọ́ ọ̀kan, bàtà òsì lọ́wọ́ èkejì.

Pápá Òkè-Àgbọ̀n ni a wà. Pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Gómìnà mẹ́ta ló ṣí i tìlù-tìfọn, ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo kò bà síbẹ̀ rí. Ewúrẹ́ ló lò ó fún ogún ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n gé kọ́nà mẹ́jọ sí i, wọ́n sì fi í fún àwa tí ọwọ́ ṣì ń yún, ní ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù. Ọjọ́ Ọwọ́ ni a ń pè é. Ní ọjọ́ yòókù, Alágbàtọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú gbogbo ọkọ̀ àti alùpùpù, ló ń tẹ bíréèkì fún gbogbo ayé, fún ọba àti fún ẹni tó ń gbé ẹyin lọ sọ́jà.

Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún èrò tí kò wá mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́nà kìíní gan-an ló wà. Ẹni tí kò bá rí bíréèkì tẹ̀ ní àkókò, ògiri ilé náà ni yóò dá a dúró.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, sà," mo wí fún Olóyè. "Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Nínú oòrùn yìí?"

Ó rìn ṣá. Nígbà tí a dé ẹnu kọ́nà, mo fi ọ̀gán kan hàn án lápá òsì. Ó ga ju ènìyàn lọ, ó pupa, koríko ti hù yí i ká nídìí. Ọkọ̀ omi wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá níwájú rẹ̀, níbi tí Ráúfù, ẹni tó ń wà á, máa ń gbé e sí kó tó lọ wọ́n omi sí eruku ilẹ̀.

"Ọ̀gán rèé, sà. Katapílà gan-an yí i ká ni. Bó bá ti kan èjìká yín, ẹ tẹ bíréèkì, kì í ṣe gbì o, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn mu. Ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró síta títí ẹ ó fi rí ibi tí kọ́nà ń já sí, kí ẹ tó dà sínú. Ẹni tó bá yá wọlé ló ń pẹ́ jáde."

"Èmi kì í dúró síta nílé ẹnikẹ́ni, Màdáámù."

"Kọ́nà kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, sà. Àti ọkọ̀ omi yẹn, ó ní táyà. Ohun tó ní táyà kì í ṣe àmì. Òjìji pàápàá kì í ṣe àmì, oòrùn ń gbé e kiri. Bàbá mi máa ń sọ pé àmì tó dára gbọ́dọ̀ ní gbòǹgbò."

"Kí ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ èèyàn ní alùpùpù, sà. Bàbá tirẹ̀ sì gun ọ̀kadà."

"Ẹn-ẹ́n," ó wí, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí síbẹ̀. Ó wo ọ̀gán láti òkè dé ilẹ̀. "Kí èmi Ládiméjì, tí mo kọ òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, kí n wá máa wo ilé ikán kí n tó mọ ibi tí mo máa dúró."

Òótọ́ ni, òun ló kọ òfin tó fi gbogbo ọkọ̀ lé Alágbàtọ́ lọ́wọ́. Ọdún kẹwàá òfin náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ètò rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ náà, kí òun máa fi ọwọ́ ara òun gun alùpùpù níwájú gbogbo ọkọ̀ ìjọba, láti ẹnu ọ̀nà ààfin dé pápá ìṣeré, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì kí wọ́n máa ju àsíá. Ẹni tó ti ọwọ́ gbogbo ènìyàn pa ni yóò wá fi tirẹ̀ han wọ́n. Ìwé Ọwọ́ ni ó nílò kó tó lè ṣe é, àtàǹpàkò olùkọ́ tó dán an wò ni yóò sì wà lórí ìwé náà. Àtàǹpàkò mi.

Ní ìyípo keje ni mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Mo rí i tó wọ kọ́nà bí ẹni tó ń wọ ìpàdé tí ó ti pẹ́ dé: ó sáré wọlé, ó bá ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ, ó wá ń wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni iná kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Gbogbo Alágbàtọ́ ló ní in. Bí o bá ti tẹ bíréèkì, iná aláwọ̀ ewé yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ̀ pé ó ń wò ọ́. Ti Olóyè kò ṣẹ́jú. Mo tẹ̀ lé e yí pápá ká, kọ́nà mẹ́jọ, kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Mo lọ bá Ọdẹ́yalé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ pápá, níbi tó jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú wàláà tó ń tàn lórí itan rẹ̀.

"Iná Alágbàtọ́ Olóyè kò ṣẹ́jú."

"Iná wo, Àǹtí Ìbídùn?"

"Ọdẹ́yalé."

"Bóyá gílóòbù ẹ̀ ló jó."

"Wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ ni, o sì mọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, ṣé mi ò ní sùn sí àtìmọ́lé lónìí?"

Ó wo wàláà rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ibi gbogbo àfi ojú mi. "Àǹtí, gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Òun ló kọ òfin. Ṣé èmi ni kí n wá kà á sí i létí ni? Ẹ wo ẹ̀gbà ọwọ́ tiyín, ẹ jọ̀ọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ló kù fún yín."

Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló wà lára ẹ̀gbà náà. Bí Alágbàtọ́ bá gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan á pọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pọ́n, wọ́n ti ọwọ́ rẹ pa nìyẹn, kò sí alùpùpù kan lórí ilẹ̀ tí yóò tún dá ọ lóhùn títí tí ilẹ̀ yóò fi gbà ọ́. Méjì tó pọ́n lọ́wọ́ mi, n kò dá èyíkéyìí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló dá wọn, nítorí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dẹ́ṣẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò pín níbẹ̀. Orí yeye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gun alùpùpù. Mi ò bímọ, mi ò kọ́lé, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi nítorí rẹ̀. Ọjọ́ kan lóṣù yìí ni mo ní. Mo padà lọ wọ akoto mi, mo sọ fún Olóyè pé ó kan ìdánwò.

Ìyípo mẹ́ta ni ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ á wà níwájú, olùkọ́ á wà lẹ́yìn. Ó sá ti àkọ́kọ́, ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ omi, ó tẹ bíréèkì, ó wọ́ ara rẹ̀ kọjá. Ó sá èkejì, bákan náà. Mo ń wò ó, mo ń pòṣé nínú akoto. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ìyípo kìíní rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti èyí tó ń sá yìí. Ènìyàn tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ogójì ọdún, níbo ni yóò ti rí àyè kọ́ nǹkan?

A já síta láti kọ́nà kẹjọ fún ìyípo kẹta, ọ̀nà gbọọrọ ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Ó fún alùpùpù rẹ̀ níná. Èmi náà fún tèmi. Mo gbójú lé ọ̀gán bí mo ti máa ń ṣe, mo rí i. Nígbà náà ni mo wo iwájú rẹ̀.

Ọkọ̀ omi kò sí níbẹ̀. Ráúfù ti wà á lọ pọn omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Inú mi dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, inú mi dùn jọjọ. Mo rí i tó gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ rẹ̀ láàárín èrò, tó ń sáré lọ, tí kò dín in kù, tó ń retí kí ọkọ̀ omi yọ sí òun. Mo rò ó pé Alágbàtọ́ tirẹ̀ ti yadi, kò ní gbà á sílẹ̀. Nítorí pé ó yadi náà ni kò ṣe ní kọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan sílẹ̀. Bó bá wọ ògiri, ẹ̀gbà mi á wà bó ṣe wà. N ó kàn dúró síbi tí ó yẹ kí n dúró sí ni, n ó tẹ bíréèkì ní ọ̀gán, n ó dà sínú bó ti yẹ, oṣù tó ń bọ̀ n ó sì tún wá.

Ọwọ́ mi kò bá mi rò ó. Ó ti fún alùpùpù níná tán kí n tó mọ̀. Mo gba apá òsì rẹ̀ kọjá, mo já sí iwájú rẹ̀ gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, mo dìde jókòó ṣánṣán kí afẹ́fẹ́ lè lù mí láyà, ọ̀gán kan èjìká mi, mo sì tẹ bíréèkì. Kò sí nǹkan mìíràn tó lè rí mọ́ àfi ìdí mi àti iná pupa tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà á. Ó tẹ bíréèkì bí ẹni tó rí ejò.

Nígbà náà ni Alágbàtọ́ tèmi jí. Wọn kò gbà kí o sún mọ́ ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ kí n tó ṣe é. Ọwọ́ alùpùpù le gbagidi lábẹ́ ìbọ̀wọ́ mi, ó rọra yà mí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyá tó fa ọmọ létí kúrò lọ́nà, ó sì dúró. Mo gbọ́ tí Olóyè wọ inú iyanrìn lẹ́yìn mi, ó ń fà lọ, ó ń fà lọ, ó rọra ṣubú ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ògiri. Nǹkan kan kò ṣe é. Eruku nìkan ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu, èyí kò sì tó láti pa á lẹ́nu mọ́.

"Obìnrin yìí fẹ́ pa mí!" ló kọ́kọ́ sọ. "Ẹ gbà mí o! Ó já sí iwájú mi! Mo ti fẹ́ tẹ bíréèkì!"

"Níbo, sà?" mo bi í.

"Níbi tí mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ fi hàn mí."

Ó yíjú padà sí ọ̀nà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Òfìfo ni ó wà níbẹ̀, àti àmì táyà ọkọ̀ omi nínú eruku. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Èyí ni mo fi kórìíra rẹ̀ jù: ó yé e, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ó sì pa ojú dé.

Lábẹ́ àtíbàbà, Ọdẹ́yalé gbé wàláà lé orí tábìlì. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹta lọ́wọ́ mi ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Kò tíì pọ́n pátápátá. Òṣìṣẹ́ pápá ní láti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó tó di òtítọ́, bó bá sì fẹ́, ó lè pa á rẹ́. Mo jókòó. Olóyè lé àwọn agbébàtà rẹ̀ síta, ó fa àga súnmọ́ mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ìbídùnní," ó wí. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ pe orúkọ mi. "Jẹ́ ká ṣe é bí ẹbí. Ọdẹ́yalé yóò pa ìlẹ̀kẹ̀ yẹn rẹ́. Àwọn méjì yòókù náà, mo lè ní kí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ìwọ náà á fi àtàǹpàkò rẹ sí ìwé mi pé mo yege. Ta ló pàdánù níbẹ̀?"

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé ńkọ́, sà?"

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé wo?"

"Àwọn tó máa tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí ni ẹ máa fi ṣe àmì lọ́jọ́ náà? Olùkọ́ wọn tó wọ aṣọ pupa? Bí olùkọ́ bá wá lọ mu omi ńkọ́?"

Ọdẹ́yalé wúkọ́. Olóyè rọra ti wàláà sí iwájú mi. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. Ihò méjì wà lábẹ́ rẹ̀ fún àtàǹpàkò: ọ̀kan YEGE, èkejì KÒ YEGE. Ẹni tí kò bá yege, oṣù mẹ́ta ni yóò fi dúró kó tó tún dán an wò, àtàǹpàkò tó bá sì ti wọlé, ọba kò lè yọ ọ́.

"Ẹ fọwọ́ síbẹ̀, Àǹtí," Ọdẹ́yalé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣàánú ara yín. Ẹlòmíràn á sáà fọwọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì. Ó rí págunpàgun, ìka méjì tí mo fi ń tẹ bíréèkì ti tẹ̀ díẹ̀ látàrí iṣẹ́ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ ẹ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o láyé yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi Olóyè ṣẹ̀sín, mo fi Ọdẹ́yalé ṣẹ̀sín, kó tó wá kàn mí kí àtàǹpàkò mi lọ rababa lókè YEGE, kó dúró síbẹ̀ fún ìgbà tí mi ò fẹ́ sọ. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀ kí n dúró nísàlẹ̀, kí n gba garawa.

Mo gbé ìka kúrò, mo tẹ ihò kejì.

Wàláà pariwo lẹ́ẹ̀kan. Olóyè fò dìde. Ohun tó pè mí, mi ò ní tún un sọ, àwọn agbébàtà rẹ̀ gbọ́ ọ níta. Ó ní kí Ọdẹ́yalé tẹ tèmi, kó tẹ̀ ẹ́ ní kíá, kí òun fojú ara òun rí i.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Ọdẹ́yalé wí.

"Tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ṣáà ti mọ iṣẹ́ ẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹta pọ́n, kò kú mọ́.

Mo dìde láti lọ, Olóyè sì dí mi lọ́nà. Mo rò pé ó tún fẹ́ bú mi. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Oṣù mẹ́ta," ó wí. "Bí mo bá padà wá. Níbo gan-an ni kí n ti tẹ̀ ẹ́?"

Ọkọ̀ omi ti padà dé. Ó wà ní ipò rẹ̀, omi ń kán nídìí rẹ̀. Mo wò ó, mo wo Olóyè. Ó rọrùn púpọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni.

"Ọ̀gán, sà," mo wí. "Òun nìkan ni kò ní dìde fún yín."

Alùpùpù mi ló gbé mi lọ sílé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan bí mo ti gùn ún, ó kú bí igi, mo sì kó ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ìyàwó tuntun. Alágbàtọ́ ń wà mí lọ jẹ́jẹ́, ó ń dúró fún adìẹ, ó ń dúró fún ewé. Ní gbogbo kọ́nà, ó ń tẹ bíréèkì kó tó yẹ, ó ń yá wọlé, ó ń pẹ́ jáde. Ṣíọ̀! Nǹkan tí wọ́n ní ó gbọ́n ju gbogbo wa lọ nìyí.

Ọ̀gán kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí a tó yà sí àdúgbò wa. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, èmi àti bàbá mi. Mo ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó kan èjìká mi, ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún mi tẹ̀ mọ́ itan mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọsàn mu. Alágbàtọ́ ti tẹ bíréèkì tipẹ́. Tèmi ló bọ́ sí àkókò.